Dò, dò, dò: bí ohùn mẹ́ta ṣe mú mi dé ojú oórì bàbá àgbà

Àwọn kan nínú yín ti ń bèèrè bóyá ara mi ò yá, torí ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo kọ nǹkan síbí gbẹ̀yìn. Ara mi le, ọpẹ́ ni. Oko ni mo lọ. Kì í ṣe pé mo ń dáko. Ta ni yóò gbé ọkọ́ lé mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ orí yìí? Ojú oórì bàbá tó bí bàbá mi ni mo lọ wá.

Mo rí i. Ohun tó sì fọ̀nà hàn mí kì í ṣe òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí, kì í ṣe símẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìwé. Ìwé gan-an ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Ohùn mẹ́ta tó wà lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ẹ̀yin tí mo ti gba máàkì lọ́wọ́ yín nítorí àmì ohùn, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, torí pé olùkọ́ yín ni máàkì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ọdún lúkúlúkú

Bàbá àgbà kú ní 1918. Ọdún yẹn ni àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tó ja gbogbo ayé dé ọ̀dọ̀ wa. Lúkúlúkú ni àwọn àgbà ń pè é. Oṣù kẹsàn-án ni ọkọ̀ òkun gbé e wọ Èkó, àwọn tó ń sá fún un kúrò ní Èkó ló sì gbé e wọ ìgbèríko. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá ní oko sá lọ sí oko. Bàbá àgbà kó ìyàwó méjèèjì àti àwọn ọmọ, ó di abà wọn lọ́nà Ìjẹ̀bú, níbi tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbin kòkó sí. Àrùn náà bá wọn débẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan bàbá àgbà lọ, ìyálé sì tẹ̀ lé e. Bàbá mi, ọmọ ìyàwó kejì, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà náà. Ìyá rẹ̀ gbé e pọ̀n, ó di ilé bàbá tirẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sì fẹsẹ̀ kan abà náà mọ́ títí ó fi kú.

Kò sẹ́ni tó gbé òkú wálé. Ta ni ìbá gbé e? Àwọn tó yẹ kó gbé e ń gbọ̀n lórí ẹní. Abà ni wọ́n sin wọ́n sí.

Bàbá mi dàgbà, ó ríṣẹ́, ó kọ́lé, ó rán wa lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ìsìnkú bàbá ẹnì kan lójú rẹ̀, ohun kan náà ló máa ń sọ: "Bàbá tèmi wà lóko. Mi ò mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí." Ó kú ní 1987 láì mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò wá a. Iṣẹ́ ń bẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ, ọdún sì ń gorí ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé sún síwájú mọ́ ní ọdún tó kọjá, nígbà tí àwọn ọmọ ilé pinnu láti ta ilẹ̀ abà náà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Mi ò bá wọn jà. Kòkó ibẹ̀ ti gbó, ìlú sì ti ń rìn bọ̀ wá bá oko. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọdún kan kí katapílà tó wọ ibẹ̀. Olórí ẹbí ní oṣù mẹ́ta.

Ilé ni òkúta orí oórì

Kí a tó wá oórì, ó yẹ kí a mọ ibi tó máa ń wà. Àwa tí a dàgbà sí àsìkò itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì àti ti Mùsùlùmí, ojú wa máa ń wá òkúta tó dá dúró níta, tí a kọ orúkọ sí. Ẹni tó bá gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ sí ahoro ilẹ̀ Yorùbá ò ní rí nǹkan kan. Inú ilé ni àwọn bàbá wa ń sin àgbà sí, nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọmọ àti ọmọ-ọmọ á máa gbà kọjá lójoojúmọ́, tí wọ́n á sì dúró bá a sọ̀rọ̀ bí ìrìn àjò bá dé. Àlùfáà Samuel Johnson sọ̀rọ̀ ìsìnkú inú ilé yìí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah ṣètò tó fi jáde ní 1921.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn la ń sin sílé o. Abuké, adẹ́tẹ̀, aboyún tó kú toyún-toyún, ẹni tí àrá pa, ìwọ̀nyí ní ètò tiwọn. Àbíkú náà, igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bàbá tó fi ọmọ sílẹ̀ sáyé, ilé ni.

Nítorí náà, ilé fúnra rẹ̀ ni òkúta orí oórì. Bí ilé bá dúró, kò sẹ́ni tó nílò láti kọ orúkọ sára nǹkan kan. Bí ilé bá wó, oórì di ilẹ̀ lásán lójú àlejò. Ilé tó sì wó ní ilẹ̀ wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò kéré. Ogun fọ́ Òwu. Àwọn Ẹ̀gbá fi àwọn ìlú wọn inú igbó sílẹ̀, wọ́n tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Kò pẹ́ sí i tí Ọ̀yọ́-Ilé fi tú, tí Aláàfin Àtìbà sì sọ Àgọ́-Ọjà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862. Ẹni tó ń sá fún ogun lè gbé ọmọ, ó lè gbé òrìṣà, ó lè di ẹrù. Kò lè gbé òkú tó wà lábẹ́ yàrá.

Ẹ wo bí èdè wa ṣe mọ èyí. Ọ̀rọ̀ méjì la ní fún ìlú tí ènìyàn ti kúrò níbẹ̀. Ahoro ń sọ ohun tí ojú rí: ilé ti wó, igbó ti gbà á. Orílé ń sọ ẹni tó ni ín. Orílé-Òwu, Orílé-Ìlúgùn, Ìjàyè-Orílé: létí tèmi, ẹni tó bá pe ibì kan ní orílé ń sọ fún wa pé àwọn bàbá òun ṣì wà níbẹ̀, nísàlẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé náà, ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́, òun gan-an la ṣì ń pè ní Ilé. Clapperton tó débẹ̀ ní 1826 kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ní Katunga, bí àwọn Hausa ṣe ń pè é. Orúkọ yẹn fọ̀nà han àlejò, ṣùgbọ́n kò sọ fún un pé ilé ẹnì kan ni.

Ohun tí ojú rí, àti bó ṣe tàn mí jẹ

Mo mọ gbogbo èyí kí n tó lọ. Mo ti ka ìwé. Mo mọ̀ pé ògiri amọ̀ tó wó kì í parẹ́ tán, ó máa ń di ebè gígùn tí ewé bò. Mo mọ̀ pé pèrègùn kì í tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fúnra rẹ̀ nínú igbó, ènìyàn ló ń gbìn ín. Mo mọ̀ pé ibi tí àpáàdì, ọlọ tó ti jẹ àti òkúta ààrò bá pọ̀ sí, ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí. Ní Ọ̀yọ́-Ilé, igi ọsẹ̀ ńláńlá ṣì dúró níbi tí ilé wà. Mo sì mọ̀ pé ojú oórì àtijọ́ kì í ga, jíjìn ló máa ń jìn, torí pé erùpẹ̀ tí wọ́n dà padà máa ń rọlẹ̀ bí ohun tó wà nísàlẹ̀ bá ti jẹrà. Egungun fúnra rẹ̀ ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ilẹ̀ igbó wa kan bí ọtí kíkan, ó ń jẹ egungun.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí ohun tí mò ń wá, tàbí ohun tí mo rò pé mò ń wá. Lábẹ́ igi ìyeyè ńlá kan, ilẹ̀ jìn wọlé, ó gùn, ó sì fẹ̀ díẹ̀. Ìyeyè jẹ́ igi tí wọ́n máa ń gbìn sí àgbàlá. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo mú bíríkìlà kan wá láti ìlú pẹ̀lú símẹ́ǹtì àpò mẹ́ta, a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lọ́wọ́, ìyá àgbà kan tọ̀ wá wá. Òun ló dàgbà jù ní abà náà báyìí, ó ti lé ní 90 ọdún. Ọmọge ni nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó wá síbẹ̀, ó sì ti sin ọkọ, ó ti sin ìyá ọkọ.

"Ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ ń kọ́ síbẹ̀ yẹn?"

Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, "Ìyá, ojú oórì bàbá àgbà là ń tún ṣe."

Ó wò mí, ó wo símẹ́ǹtì, ó bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ọmọ mi, kòtò amọ̀ lẹ fẹ́ kọ orúkọ bàbá sí un. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wa amọ̀ tí wọ́n fi mọlé. Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta ni, Ìyá?"

Ó na ọwọ́ sí àárín kòkó, níbi tí kò sí ògiri, tí kò sí òrùlé. "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn náà ni. Ibi tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní Ọdẹ-dé. Mo máa ń gbọ́ yín. Ọdẹ wo ló débẹ̀?"

Bíríkìlà dá ọwọ́ dúró. Èmi náà jókòó sórí àpò símẹ́ǹtì.

Ọdẹ-dé àbí ọ̀dẹ̀dẹ̀?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ẹbí wa ní ìwé ìpín oko kan tí akọ̀wé kan bá wọn kọ ní nǹkan bí 1950. Yorùbá ló fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí i, kì bá à ṣe tòkè tàbí tìsàlẹ̀. Ó pín oko náà sí mẹ́rin: Eti Odo, Idi Iyeye, Ori Oke, Odede. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ṣòro. Ìkẹrin ni àwa tí a dàgbà sí ìlú, tí a mọ oko náà nínú ìwé ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ lọ, ń kà sí Ọdẹ-dé: re, re, mí. Ìtàn sì ti wà tó gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ọdẹ kan ló lé ẹtu débẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ ibẹ̀. Mo tiẹ̀ ti lò ó rí ní kíláàsì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ orúkọ ibi tó jẹ́ odidi gbólóhùn. Ẹni tó bá ṣì ní nóòtì ọdún yẹn lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi báírò fa igi sí i lórí.

Ohùn mẹ́ta ìsàlẹ̀ ló wà lẹ́nu ìyá yẹn: dò, dò, dò. Òun kò ka ìwé ìpín oko rí. Ẹnu ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gba ọ̀rọ̀ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì wà ní abà lọ́dún lúkúlúkú. Ó ní lẹ́yìn ikú méjèèjì, àwọn tó kù ò lè sun ilé náà mọ́. Wọ́n kọjá odò, wọ́n mọ òmíràn. Òrùlé ewé gbòdógì jẹrà, òjò lu ògiri, ilé wó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà gbin kòkó sórí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ro oko náà ò dáwọ́ dúró láti máa sọ pé "a ń lọ ro ọ̀dẹ̀dẹ̀." Ilé ti lọ, ògiri ti lọ, orúkọ yàrá kan ṣì dúró sórí ilẹ̀. Àwa tí a ní ìwé lọ́wọ́ la sọ ọ́ nù.

Eérú tó di ohun mìíràn

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí oórì tó lókìkí ju ti bàbá mi lọ. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw láti Yunifásítì Ìbàdàn darí ìwalẹ̀ nínú ihò àpáta kan nítòsí Ìsàrun, lọ́nà Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun ẹnì kan tí wọ́n sin síbẹ̀ ní ohun tó ju 11,000 ọdún lọ. Ó wà lára egungun ènìyàn tó pẹ́ jù tí a tíì rí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún gbé agbárí náà yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn ènìyàn tó ṣáájú àkókò rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni lágbo ìmọ̀ nípa ìran ènìyàn.

Orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Iwo Eleru. Ẹ bá mi kà á. Ṣé ìwo ni, bíi ìwo àgbò? Ṣé ìwọ ni, bíi èmi àti ìwọ? Ṣé Ìwó ni, ìlú tó wà lọ́nà Ọ̀ṣun? Eleru ńkọ́? Ẹlẹ́rù tó ru ẹrù, àbí ẹlẹ́rú tó ní ẹrú? Kò sí èyí tó tọ̀nà. Ihò Eléérú ni: ihò tí eérú wà nínú rẹ̀. Àwọn tó sọ ibẹ̀ lórúkọ ti rí eérú nínú ihò náà kí aṣèwádìí kankan tó débẹ̀, wọ́n sì fi ohun tí wọ́n rí sínú orúkọ. Ìgbà tí kò pẹ́ yìí ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá orúkọ náà padà sí bó ṣe yẹ nínú ìwé wọn.

Mi ò sọ pé orúkọ ń fi gbogbo nǹkan múlẹ̀ o. Ní Ilé-Ifẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀run Ọba Adó. Ìtàn ní ibẹ̀ ni wọ́n ń sin orí àwọn ọba Ìbíní sí. Frank Willett wa ilẹ̀ níbẹ̀, ó bá àwọn kòtò tí ènìyàn gbẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá nínú wọn kò tó láti fi ìdí ìtàn orí ọba múlẹ̀. Orúkọ lè sọ fún wa ibi tó yẹ ká wò. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ sọ tirẹ̀.

Ohun tí ilẹ̀ sọ

Nítorí náà, a gbé símẹ́ǹtì tì, a mú ìgbálẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta la fi gbá ewé kòkó kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi, àwọn ọmọ àbúrò mi méjì, àti ìyá tó jókòó sórí àpótí tó ń darí wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí iyèméjì mọ́. Ebè gígùn mẹ́rin ló yọ, wọ́n sì pàdé ní igun: ògiri ni. A bá ọlọ tó ti là sí méjì, a bá òkúta ààrò mẹ́ta níbi tí iná ti ń jó. Kòtò amọ̀ mi wà lẹ́yìn ilé, níbi tó yẹ kí kòtò amọ̀ wà.

Ní iwájú, níbi tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ilẹ̀ jìn wọlé níbi méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìwọ̀n ènìyàn. Mo ti ọ̀pá irin tín-ínrín bọ ilẹ̀ tó yí wọn ká, ó takú. Ilẹ̀ tí wọ́n ti lù fún ọ̀pọ̀ ọdún ni. Mo tì í bọ àwọn ibi méjèèjì, ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìtàn ẹbí ní òkú méjì, láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnu ìyá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ ní méjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí, ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu.

Àwọn ọmọ ní ká gbẹ́ ẹ, ká mọ èwo ni bàbá àgbà. Mo ní rárá. Mo lọ wá ẹnì kan, ẹni méjì ni mo bá, kò sì sẹ́ni tó tíì wá ìyálé yẹn láti 1918. Bàbá mi tó ń sọ ti bàbá rẹ̀ títí ó fi kú kò dárúkọ rẹ̀ sí mi rí. Ọmọbìnrin kan ló bí, a sì wá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kàn ní Ìbàdàn. Wọ́n wá. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn kúnlẹ̀ láàrin oórì méjèèjì, ó kí wọn, kò sì bèèrè èwo ni tirẹ̀.

Ẹbí yọ púlọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, wọn ò tà á. Ọ̀rọ̀ owó mú un gba ìpàdé mẹ́rin, mi ò ní parọ́ fún yín, ẹnì kan ò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní. A mọ ògiri kúkúrú kan yí àwọn méjèèjì ká. Símẹ́ǹtì tó ṣẹ́kù la lò.

Nígbà tí awọnlẹ̀ mú àwòrán ilẹ̀ náà wá fún ìfọwọ́sí, mo wò ó: ODEDE. Mo ní kó fi àmì sí i. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà, kọ̀ǹpútà wa ò gba àmì." Mo gba báírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sórí ẹ̀dà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo àgbàlagbà tí orí rẹ̀ ti ń dàrú. Kò burú.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ó yá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, iṣẹ́ dé. Bí ẹ bá délé ní ọdún yìí, ẹ wá ẹni tó dàgbà jù lóko yín. Ẹ má bi í pé "níbo ni ibojì wà?" Ó ṣeé ṣe kó ní kò sí. Ẹ bi í pé níbo ni ilé kọ́kọ́ wà, kí ni wọ́n ń pe ibi tí wọ́n ń ro, ta ló gbin igi tó dá dúró yẹn. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú ìwé, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ wá sí mi, màá kà á.

Ẹ fi àmì sí i o. Mo ṣì ń gba máàkì.